Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Pọn Omi Ìwẹ̀

Òwúrọ̀ ni, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Nínú yàrá àbáwọlé sípáà kan, ilé ìtọ́jú ara, obìnrin tó ni ibẹ̀ dúró lẹ́yìn tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin mìíràn tó dàgbà jù ú lọ ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gbójú sókè, ó ń wá iná.

Alága ni wọ́n ń pe ẹni tó wọlé, torí òun ni alága ìgbìmọ̀ ìgbádùn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni yóò yan sípáà tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa lọ lóṣooṣù, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé èyí tí kì í ba àyíká jẹ́ ni kó yàn. Onísípáà ti gbọ́. Ó lọ sí sẹ́mínà lórí ìtọ́jú àyíká, ó dé, ó yí gbogbo nǹkan padà. Sípáà ńlá kan ti ṣí ní òdìkejì títì, àwọn oníbàárà ti sọdá sọ́hùn-ún. Bí iṣẹ́ yìí bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí oṣù tó parí.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀ sí sípáà tí kì í ba ayé jẹ́."

"O ṣé, àbúrò. Ṣé iná lọ ni?"

"Iná ò lọ, mà. Àwa la pa á."

"Ẹ pa á." Alága gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ káre. Nílé tiwa, wọn kì í jẹ́ ká ṣe wàhálà. Wọ́n máa ń bá wa pa á ni."

"Dígí la fi ń mú oòrùn wọlé báyìí, mà. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Oòrùn á bà lé dígí, á ta sára ògiri, gbogbo yàrá á mọ́lẹ̀."

Alága wo dígí náà. Ìkùukùu ló wà nínú rẹ̀, àti orí ewúrẹ́ kan.

"Ó ń tàn gan-an. Iṣẹ́ wo lẹ gbé fún ewúrẹ́ yẹn?"

"Kò sí lára wa, mà. Ó kàn ń kọjá ni."

"Ẹ gbà á síṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, òun nìkan ni mo rí tí ara rẹ̀ balẹ̀."

Onísípáà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó béèrè ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ gan-an, kí òun lè mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Alága kò fi bò. Ó ní ìbàdí ń ro òun. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé òun, garawa kan lòun fi ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ òun á sì máa fetí sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa bi òun pé ṣé òun fẹ́ tán an ni.

"Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá ṣe níbí. Omi gbígbóná, kó máa já bọ́ sí mi lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ó tó. Tí mo bá rí ìyẹn, màá fọwọ́ sí i fún ẹ."

Onísípáà ní omi ni adé gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ló máa ń dé. Ó na aṣọ ìnura kan sí i. Ìwọ̀n aṣọ náà kò ju ojú ìwé méjì lọ.

"Ti ojú rèé," ni Alága wí. "Ti ara ńkọ́?"

"Òun náà ni, mà. Igun mẹ́rin ló ní. Igun kan fún ojú, ìkan fún ọwọ́, ìkan fún ẹ̀yìn, ìkan fún ẹsẹ̀. Aṣọ ńlá ń jẹ omi, ó ń jẹ ọṣẹ, ó ń jẹ iná."

"Àárín rẹ̀ ńkọ́?"

"Mà?"

"Àárín aṣọ. Kí ni wọ́n ní ká máa fi ìyẹn nù?"

Onísípáà ronú. "Wọn ò dé ibẹ̀ ní sẹ́mínà, mà."

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní débẹ̀."

Wọ́n wọ yàrá inú. Alága dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn tóóró kan. Onísípáà ṣí fèrèsé gbayawu, ó wá ṣàlàyé pé tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rọ ni àwọn fi ń gbé ohùn ẹyẹ àti ohùn odò sí etí oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń jẹ iná. Ní báyìí, ohùn ayé gan-an ni èèyàn á máa gbọ́.

Ohùn ayé wọlé. Lẹ́yìn ògiri, mẹkáníìkì kan ń dán fèrè ọkọ̀ wò.

"Ẹyẹ wo nìyẹn?"

"Ẹ fọkàn sí èémí yín, mà. Ẹ jẹ́ kó wọlé díẹ̀díẹ̀."

Fèrè tún ké.

"Ó ti wọlé. Ó ti jókòó pàápàá."

Onísípáà da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ẹ̀yìn rẹ̀. Alága gbórí sókè, ó fa imú.

"Kí ló dé tí òróró yìí ń rùn bí oògùn ikọ́?"

"Ìgò rẹ̀ ni, mà. A kì í ju ìgò nù mọ́."

"Ó dáa náà. Ó kéré tán, ẹ̀yìn mi ò ní wúkọ́."

Lẹ́yìn òróró ló kan òkúta. Nínú gbogbo sípáà, òkúta gbígbóná ni wọ́n máa ń tò sórí eegun ẹ̀yìn kí iṣan lè dẹ̀. Onísípáà gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú agbọ̀n, ó sì gbé àkọ́kọ́ lé Alága lẹ́yìn. Alága sọ bí ẹja.

"Àbúrò. Òkúta yìí tutù."

"Oòrùn la fi ń yáná fún un, mà. Oòrùn ò tíì jáde dáadáa."

"Kí ló wá gbé e dé ẹ̀yìn mi?"

"Ẹ̀yìn yín gbóná, mà. Tó bá pẹ́ díẹ̀, àwọn méjèèjì á bára dọ́gba."

"Ìyẹn ni pé èmi ni mò ń tọ́jú òkúta."

"Ní sẹ́mínà, wọ́n ní ìbáṣepọ̀ ni."

"Mo gbà. Èwo nínú àwa méjèèjì ló máa sanwó?"

Onísípáà to ìyókù. Ẹ̀yìn Alága ń mú òkúta gbóná díẹ̀díẹ̀. Kí ara rẹ̀ lè gbàgbé, Onísípáà béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Alága ní kò burú, ọ̀rá ni wọ́n ń ṣe, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà, tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé káàkiri títì yẹn.

"Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè la fi ń ṣe é. Ọ̀gá wa wá ní ká wá ibi tí a ò ní ba ayé jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé."

"Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mà."

"Gan-an ni. Ayé náà ní láti sinmi."

Ó ku ẹsẹ̀. Alága dìde jókòó, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tí Onísípáà gbé wá. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, àfi bí Onísípáà ṣe là á mọ́lẹ̀ pé omi yìí ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn tẹ́lẹ̀.

"Iṣẹ́ wo?"

"Ojú ló kọ́kọ́ fọ̀, mà, ló wá fọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ ló kàn. Tó bá kúrò lẹ́sẹ̀, ó di ti òdòdó."

"Ojú ta ni?"

"Ti oníbàárà tó kúrò níbí kẹ́ ẹ tó dé."

Alága wo inú abọ́. "Ó dáa. Mo ti ki ẹsẹ̀ bọ obìnrin yẹn lójú, n ò tíì kí i."

Nígbà tó sùn padà, Onísípáà gé kùkúmbà pẹlẹbẹ méjì, ó fi bo ojú rẹ̀, ó sì sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé wọn kì í da nǹkan nù mọ́, nítorí náà bí wọ́n bá ṣí i tán, Alága fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

"Èmi tí mo fi ojú lò ó, èmi náà ni màá fi ẹnu lò ó."

"Àbí kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́ ni, mà?"

"Rárá o. Ó yé mi. Ẹni tí mo tẹ̀ lójú lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé ó jẹ tiẹ̀?"

"Ó ní òun ti yó, mà."

Ọwọ́ Alága gòkè wẹ́rẹ́, ó ṣí kùkúmbà kan, ó fi ojú tó ṣí wò ó.

"Ta ló wá jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo gé tiyín lójú yín. Tiẹ̀ ti lọ. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

"Ṣé o rí i? O ní kò sí lára yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé orí amọ̀. Onísípáà gbé ìkòkò ńlá kan wá, ó fi amọ̀ tútù kun Alága láti ọrùn dé gìgísẹ̀, ó kun ojú rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ pa á lórí. Ó ń kun, ó ń yangàn. Amọ̀ àtijọ́, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e wá, èéfín rẹ̀ sì pọ̀. Èyí kò wọ ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ibo lẹ ti rí i?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa níbí, mà."

"Ẹ̀yìnkùlé tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan níbẹ̀ ni, mà. Kì í sábà dé ẹ̀gbẹ́ yẹn."

"Kì í sábà dé ibẹ̀," ni Alága wí, bí ẹni tó ń kọ́ àkọ́sórí. "Mo wá tọ́jú ara, o wá ń fi ara mi dá àrà."

Ọ̀rọ̀ tó lè sọ kẹ́yìn nìyẹn. Amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó mú ètè, ó mú àgbọ̀n. Onísípáà rí i pé oníbàárà òun kò lè dá òun lóhùn mọ́, ló bá fa àpótí, ó jókòó tì í, ó sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní sẹ́mínà: ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ omi òjò tí à ń gbà pamọ́, ọ̀rọ̀ àbẹ́là tí èéfín rẹ̀ burú àti èyí tí èéfín rẹ̀ níwà. Ó sọ ọ́ débi pé oòrùn jáde nígbà tó ń sọ ọ́, ó bà lé dígí, yàrá sì mọ́lẹ̀ gbòò. Kò kíyè sí i.

"Omi," ni ohùn kan wí nínú amọ̀.

"Mà?"

"Omi."

"Òùngbẹ ń gbẹ yín ni? Ẹ káre. Omi mímu dára fún awọ ara." Ó sáré bu omi wá nínú ife.

Alága gbé ọwọ́ kan sókè. Amọ̀ já bọ́ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ọrùn rẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣáwà wà lókè. Ògiri kúkurú kan dá a sí méjì, kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí kò ní táyà sì wà ní apá kejì ògiri. Onísípáà ṣàlàyé fún un pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fa omi wá síbí. Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bá ń wà á, omi á gba inú páìpù dúdú tó wà lórí òrùlé kọjá, oòrùn á mú un gbóná, á sì já bọ́. Kò sí iná, kò sí epo. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà.

Omi dé.

Ó gbóná. Kò jóni, kò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ó gbóná bí Alága ṣe ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ó já bọ́ sí i lọ́rùn. Alága di ojú, kò sì rí nǹkan kan sọ. Ó mú ọṣẹ, ó fi pa orí mọ́ amọ̀, ó hó yẹ̀ẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí, mà? Ohun tó mú kó gbóná tó bẹ́ẹ̀, páìpù yẹn..."

Omi lọ.

"Àbúrò. Omi ti lọ."

"Mo fẹ́ ṣàlàyé páìpù ni, mà. Dúdú la kùn ún, torí ohun dúdú máa ń..."

"Wa kẹ̀kẹ́."

"Ẹ má bínú, mà."

Omi dé. Ẹ̀kán kan, méjì. Alága na ọwọ́ sí i.

"Ìdí tí mo fi tọrọ àforíjì ni pé, ní sẹ́mínà, wọ́n ní oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi rẹ̀..."

Omi lọ.

Ọṣẹ ti wọ Alága lójú. Ó di ògiri mú, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ṣé o ò lè máa sọ̀rọ̀ kó o máa wà á lọ ni?"

Ohùn Onísípáà rẹlẹ̀ ní apá kejì ògiri. Onísípáà ní ohun tí òun kò sọ fún wọn ní sẹ́mínà nìyẹn. Láti kékeré ni. Ẹsẹ̀ òun àti ẹnu òun kì í ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìyá òun kì í rán òun níṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn, torí bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lòun á dúró sí, ilẹ̀ á sì ṣú.

"Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá rẹ̀."

"Èyí tí mo máa fi ṣan ọṣẹ ńkọ́?"

"Mà?"

"Gbọ́ mi dáadáa." Alága kò pariwo. Amọ̀ ló wà ní apá òsì rẹ̀, ọṣẹ ní apá ọ̀tún. "Tó o bá lè pa ẹnu dé títí ara mi fi máa mọ́, mo ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ ti di tìẹ. Tó o bá tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré, báyìí tí mo ṣe rí yìí ni màá ṣe sọdá títì. Tí wọ́n bá bi mí lọ́hùn-ún pé ta ló ṣe mí báyìí, màá júwe."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ìyẹn ni àmì pé ó gbọ́. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Omi dé, kò sì dúró. Orí mọ́. Ojú mọ́. Ó ku ẹ̀yìn, níbi tí amọ̀ ti pẹ́ jù, omi náà sì ti ń dínkù díẹ̀díẹ̀ torí ó ti ń rẹ ẹsẹ̀ tó ń wà á. Alága tẹ́tí sí i. Kò lè ní kó múra sí i, torí Onísípáà á dáhùn. Ó ronú díẹ̀.

"Àbúrò, mo gbọ́ pé garawa dára fún àyíká ju ṣáwà lọ."

Omi já wìì, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Alága wo ṣáwà. Ó wo ògiri. "Mo tún gbọ́ pé ẹni tó wá kọ́ yín ní sẹ́mínà, jíìpù ńlá ló gbé wá. Ó ní kí dírẹ́bà má pa á, kí inú rẹ̀ lè máa tutù dè é."

Omi lé e mọ́ ògiri. Amọ̀ ń ṣí ní ègé ńláńlá. Ní apá kejì, èémí ń lọ sókè sódò, gíá kẹ̀kẹ́ ń ké, kò sí ọ̀rọ̀.

"Àwọn tó wà ní òdìkejì títì yìí, wọ́n ní àwọn náà ti lọ sí sẹ́mínà." Ó yí ẹ̀yìn padà sí ṣáwà. "Wọ́n ní àwọn ló gbapò kìíní."

Irú omi tó dé lẹ́yìn èyí, Alága kò rí irú rẹ̀ rí, kì í ṣe nílé, kì í ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Onísípáà gbé mì ló ń gba páìpù jáde. Ó gbóná, ó nípọn, ó ń lù ú ní ìbàdí níbi tó ti ń ro ó gan-an. Alága dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí amọ̀ ti tán, ó ń wá ohun mìíràn tí yóò sọ. Ó sọ pé kùkúmbà náà kò dùn. Ó gbádùn omi tó tẹ̀lé e fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Onísípáà fi àyà lé apá kẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé.

"O lè sọ̀rọ̀ báyìí."

"Irọ́ ni, mà," ni Onísípáà wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Wọn ò gbapò kìíní. Wọn ò tiẹ̀ wá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo pa irọ́ náà." Alága fi aṣọ ìnura kékeré náà lé e léjìká. "Iṣẹ́ ti di tìẹ. Nínú gbogbo ibi tí mo ti wẹ̀, n ò tíì rí omi bí èyí. Màá sọ fún ọ̀gá wa pé ibí yìí kì í ba ayé jẹ́, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń bàjẹ́."

Omijé bọ́ lójú Onísípáà. Ó kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́run á gbé Ẹ̀gbọ́n ga, ó ní ṣọ́ọ̀bù òun ti yè, ó ní ìgbà wo ni kí òun máa retí àwọn òṣìṣẹ́.

"Sátidé tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n máa kún. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń fẹ́ ṣe gbogbo nǹkan. Mo ti mọ̀ wọ́n: gbogbo wọn ló máa fi amọ̀ para, gbogbo wọn ló sì máa fẹ́ pẹ́ nídìí omi yẹn."

Onísípáà wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo itan rẹ̀ méjèèjì. Ó wo kẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé."